Ifá àti Ìdínkù Ìlànà Bẹ́ẹ̀ni-Bẹ́ẹ̀kọ́: Àyẹ̀wò Ìtàn Èrò Kan

1. Ìfáárà

Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jà rànyìn láàrin àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, pé Ifá àti kọ̀ǹpútà bá ara wọn tan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Longe ti Yunifásítì Ìbàdàn gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú àwùjọ àwọn ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1983, nígbà tí ó fi Ifa Divination and Computer Science ṣe àkọlé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi gba ipò ọ̀jọ̀gbọ́n. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan sọ ọ́ di ńlá, wọ́n ní Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ láyé. Àwọn mìíràn kò kà á sí. Wọ́n ní ìjọra lásán ni, pé ẹni tí ó bá ń wá nọ́ńbà méjì kiri yóò rí i níbi gbogbo.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ní àríwá Èkìtì. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá Yunifásítì Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì sílẹ̀ ní ọdún 2011, tí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé, àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ ìmọ̀ iná mànàmáná àti ti kọ̀ǹpútà ní ìtòsí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, nínú ilẹ̀ Èkìtì kan náà tí ìtàn ẹnu fi yé wa pé Ọ̀rúnmìlà gbé pẹ́, nítorí wọ́n ní Adó ni ilé Ifá. Bí olùkọ́ bá sọ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pé ọ̀kan náà ni ohun tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì àti ohun tí babaláwo ń ṣe, ọ̀kan nínú ohun méjì ni yóò ṣẹlẹ̀. Wọn yóò gba ohun tí kò lè dúró níwájú àyẹ̀wò gbọ́, tàbí kí wọ́n rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ da Ifá nù pátápátá.

Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé iṣẹ́ méjì ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ara wọn nínú àríyànjiyàn yìí. Èkíní ni fífi àmì oríṣi méjì kọ ohun púpọ̀ sílẹ̀. Èkejì ni dídín ìlànà tí a fi irú àmì bẹ́ẹ̀ kọ kù, kí ó lè kúrú, kí ó sì dín owó. Ifá ṣe èkíní ní àṣeyọrí. Kò ṣe èkejì, nítorí pé ohun tí ó wà fún lòdì sí i. Ìtàn iṣẹ́ ìdínkù náà ni yóò kọ́kọ́ wáyé, lẹ́yìn rẹ̀ ètò àmì Ifá, kí ó tó kan ibi tí méjèèjì ti pàdé àti ibi tí wọ́n ti pínyà.

2. Ìtàn ìdínkù: láti ọ̀dọ̀ Boole dé 1984

Ìlànà bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́ ni orúkọ tí àpilẹ̀kọ yìí yóò máa lò fún ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi orúkọ George Boole pè. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ gba ìdáhùn sí ìbéèrè mélòó kan, tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan kò ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ, ó sì mú ìdáhùn kan ṣoṣo jáde tí òun náà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí àgbẹ̀ kan ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu bá ní òun yóò gbin iṣu nígbà tí ebè bá ti wà nílẹ̀, tí èbù sì ti wà lọ́wọ́, yálà òjò ti rọ̀ tàbí kò tíì rọ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni ó dárúkọ. Ṣùgbọ́n méjì péré ni ó ń ṣiṣẹ́, nítorí pé òjò kò yí ìpinnu rẹ̀ padà. Ẹni tí ó bá yọ ọ̀rọ̀ òjò kúrò ti dín ìlànà náà kù láìba ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́. Gbogbo ìtàn ìwádìí tí ó wà nísàlẹ̀ yìí kò ju wíwá ọ̀nà tí ó dájú láti ṣe irú ìyọkúrò bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlú Lincoln ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí Boole sí ní ọdún 1815. Ìwé rẹ̀ ti ọdún 1847 àti èyí tí ó tóbi jù, An Investigation of the Laws of Thought, ti ọdún 1854, fi hàn pé a lè fi 1 àti 0 ṣe ìṣirò lórí gbólóhùn gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é lórí owó. Kókó iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ohun tí a ń ṣe sí àmì. Ó fi òfin lélẹ̀ nípa bí gbólóhùn méjì ṣe ń para pọ̀, bí ọ̀kan ṣe ń yí padà sí òdìkejì rẹ̀, àti ìgbà tí gbólóhùn gígùn bá ìkúkúrú dọ́gba.

Ọgọ́rin ọdún ó lé mẹ́ta kọjá kí iṣẹ́ náà tó di ohun èlò. Ní ọdún 1937, Claude Shannon, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tí ó ń kàwé gboyè kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Massachusetts ní Amẹ́ríkà, fi hàn nínú àpilẹ̀kọ oyè rẹ̀ pé àwọn swíìṣì onímágnẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ń lò kò yàtọ̀ sí gbólóhùn Boole. Swíìṣì méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn lórí wáyà kan túmọ̀ sí "èyí àti ìyẹn". Méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn túmọ̀ sí "èyí tàbí ìyẹn". Akira Nakashima ní Jàpáànù àti Victor Shestakov ní Rọ́ṣíà náà ń ronú sí ọ̀nà yìí láàrin àwọn ọdún náà. Ohun tí ó tẹ̀lé e ṣe pàtàkì: bí gbólóhùn bá jẹ́ swíìṣì, gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá yọ kúrò nínú gbólóhùn di swíìṣì tí a kò ní rà mọ́. Láti ìgbà náà ni ìdínkù ti di ọ̀rọ̀ owó.

Ní ọdún 1952, W. V. Quine, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní Harvard, ṣàlàyé bí a ṣe lè dín gbólóhùn kù ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Edward Veitch gbé àtẹ kan jáde, tí Maurice Karnaugh ti ilé-ìwádìí Bell tún tò ní ọdún 1953 kí ojú lè rí ìdínkù láìṣe ìṣirò gígùn. Ní ọdún 1956, Edward McCluskey sọ ọ̀nà Quine di èyí tí ẹ̀rọ lè tẹ̀lé. Òfin tí gbogbo wọn dúró lé rọrùn: bí ipò méjì bá fún wa ní ìdáhùn kan náà, tí wọ́n sì yàtọ̀ síra ní ibi kan ṣoṣo, ibi náà kò ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kí a so méjèèjì pọ̀, kí a sì pa á rẹ́.

Òfin rọrùn, ṣùgbọ́n iye a máa bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Ìbéèrè 10 ní ipò 1,024. Ìbéèrè 20 ní ipò 1,048,576. Bí ìbéèrè bá ti ń pọ̀ sí i, wíwá èyí tí ó kúrú jù lọ láìkù síbì kan di ohun tí ẹ̀rọ pàápàá kò lè parí lásìkò. Ìdí nìyí tí Robert Brayton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi gbé ìwé jáde ní ọdún 1984 lórí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní ESPRESSO. Kò ṣèlérí èyí tí ó kúrú jù. Èyí tí ó kúrú tó, tí ó sì tètè dé, ni ó ń wá. Irú èrò yìí ni àwọn ètò tí ó ń ya àwòrán sákíìtì inú kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù alágbèéká ti gbé kalẹ̀ lé lórí.

3. Ètò àmì Ifá

Ní àkókò kan náà tí Shannon kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀, William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà, ń ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1937 sí 1938. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí Ifá jáde ní ọdún 1969. Wándé Abímbọ́lá ti gbé Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní ọdún 1968, ó sì tún ṣàlàyé ètò odù lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1976. Iṣẹ́ àwọn méjì yìí jẹ́ kí ètò náà hàn kedere sí ẹni tí kì í ṣe awo.

Ikin mẹ́rìndínlógún ni babaláwo ń pa. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù sí ọwọ́, àmì méjì ni yóò tẹ̀ sórí ìyẹ̀rósùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, àmì kan ni yóò tẹ̀. Ìgbà mẹ́jọ ni yóò tẹ̀ ẹ́, mẹ́rin ní apá ọ̀tún, mẹ́rin ní apá òsì. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ń ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ojú mẹ́jọ ni ó ní, tí ìkọ̀ọ̀kan sì lè ṣí tàbí kí ó dojú dé. Àmì mẹ́rin apá kan lè rí ní ọ̀nà 16. Apá méjèèjì lápapọ̀ lè rí ní ọ̀nà 256. Ojú odù mẹ́rìndínlógún ni èyí tí apá ọ̀tún àti apá òsì ti bára mu. 240 tí ó kù ni ọmọ odù, tí a tún ń pè ní àmúlù. Bí a bá kọ àmì kan ní 1 àti àmì méjì ní 2, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, apá kan odù kọ̀ọ̀kan rí báyìí:

Ogbè 1111, Ọ̀yẹ̀kú 2222
Ìwòrì 2112, Òdí 1221
Ìrosùn 1122, Ọ̀wọ́nrín 2211
Ọ̀bàrà 1222, Ọ̀kànràn 2221
Ògúndá 1112, Ọ̀sá 2111
Ìká 2122, Òtúrúpọ̀n 2212
Òtúrá 1211, Ìrẹtẹ̀ 1121
Ọ̀ṣẹ́ 1212, Òfún 2121

Ètò yìí kì í ṣe àtòpọ̀ ṣákálá. Méjì-méjì ni àwọn odù ń rìn, òfin kan sì wà nídìí rẹ̀. Bí a bá dojú odù kan dé tí ó di òmíràn, òmíràn náà ni ìkejì rẹ̀: Ìrosùn di Ọ̀wọ́nrín, Ọ̀bàrà di Ọ̀kànràn, Ọ̀ṣẹ́ di Òfún. Mẹ́rin péré ni kì í yí padà bí a bá dojú wọn dé: Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì àti Òdí. Àwọn wọ̀nyí ni a ń fi àmì kan pààrọ̀ àmì méjì láti rí ìkejì wọn. Ètò àgbà àti àbúrò láàrin odù lè yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Nínú èyí tí Bascom gbà sílẹ̀ ní Ifẹ̀, Ọ̀bàrà àti Ọ̀kànràn ṣáájú Ìrosùn àti Ọ̀wọ́nrín. Síbẹ̀, wọn kò ya ìkejì kúrò lára ìkejì. Ẹni tí ó tò wọ́n báyìí mọ̀ pé àmì lè yí padà, ó sì mọ ohun tí ìyípadà túmọ̀ sí.

4. Ìdínkù lórí ojú odù

Àtẹ Karnaugh fún ìbéèrè mẹ́rin ní ojú mẹ́rìndínlógún, iye kan náà pẹ̀lú ojú odù. Nítorí náà, a lè gbé iṣẹ́ ìdínkù ka orí odù fúnra wọn, kí a lè rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Kí a sọ pé ìlànà kan ní láti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni fún Ogbè, Ògúndá, Ìrosùn àti Ìrẹtẹ̀, kí ó sì dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́ fún àwọn tí ó kù. Bí a bá kọ ọ́ ní kíkún, odù mẹ́rin ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì mẹ́rin, àyẹ̀wò 16 lápapọ̀. Ṣùgbọ́n Ogbè àti Ògúndá yàtọ̀ ní àmì ìsàlẹ̀ nìkan. Kí a pa á rẹ́. Ìrosùn àti Ìrẹtẹ̀ náà yàtọ̀ níbẹ̀ nìkan; kí a pa á rẹ́. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ méjèèjì tún yàtọ̀ ní àmì kẹta nìkan. Ní ìparí, àyẹ̀wò méjì péré ni ó ṣẹ́kù: ṣé àmì kan ni ó wà lókè, ṣé àmì kan sì ni ó tẹ̀lé e? Bí a bá tò wọ́n báyìí, Ogbè, Ògúndá, Ìrosùn, Ìrẹtẹ̀, odù kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí aládùúgbò rẹ̀ ní ibi kan ṣoṣo, Ìrẹtẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn sì tún bá Ogbè tí ó ṣáájú ṣe aládùúgbò. Bí Karnaugh ṣe to àtẹ tirẹ̀ gan-an nìyẹn.

Àpẹẹrẹ kejì fi ìdàkejì hàn. Bí a bá ka àmì inú odù kọ̀ọ̀kan, iye wọn ní Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì, Òdí, Ìrosùn, Ọ̀wọ́nrín, Ọ̀ṣẹ́ àti Òfún ṣeé pín sí méjì dọ́gba: 4, 8, tàbí 6. Nínú mẹ́jọ tí ó kù, 5 tàbí 7 ni. Nínú ètò tí a tò sókè yìí, odù mẹ́fà àkọ́kọ́ àti méjì ìgbẹ̀yìn ni ó wà ní ìpín kìíní. Ọ̀bàrà títí dé Ìrẹtẹ̀ ni ó wà ní ìpín kejì. Ìlànà tí ó bá ní láti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni fún ìpín kìíní nìkan kò ṣeé fi òfin Quine dín kù rárá, nítorí pé kò sí odù méjì nínú rẹ̀ tí wọ́n yàtọ̀ síra ní ibi kan ṣoṣo. Àyẹ̀wò 32 ni a ó kọ láìyọ ọ̀kan. Àpapọ̀ irú ìlànà tí a lè gbé ka orí àmì mẹ́rin jẹ́ 65,536. Àwọn kan ń kúrú, àwọn kan kì í kúrú.

5. Ibi tí ìjọra pin sí

Àwọn àgbà a máa sọ pé ohun tí ó bá jọ ohun la fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Òtítọ́ ni pé a lè gbé òfin Quine ka orí odù. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé Ifá ń lò ó. Ìdí mẹ́ta ni ó fi hàn pé kò lò ó.

Èkíní, Ifá kì í fi odù ṣe ìṣirò láti bí odù mìíràn. Àmì mẹ́jọ ni babaláwo ń tẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan sì ti ọwọ́ ikin tàbí ojú ọ̀pẹ̀lẹ̀ wá. Yanrìn títẹ̀ tí àwọn àlùfáà Mùsùlùmí mú wọ ilẹ̀ Yorùbá láti ọwọ́ àwọn Lárúbáwá yàtọ̀. Àmì tirẹ̀ náà jẹ́ mẹ́rìndínlógún, ọ̀nà kíkọ wọn sì jọ ti Ifá. Ṣùgbọ́n nínú ìlànà àwọn Lárúbáwá, mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan ni a ń tẹ̀. Ìṣirò ni a fi ń mú àwọn yòókù jáde. A ó ro àmì tí ó wà ní ipele kan náà pọ̀: bí iye wọn bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba, a ó kọ méjì, bí kò bá ṣeé pín, a ó kọ ọ̀kan. Èyí jẹ́ ìṣirò Boole ní ti gidi. Ó tilẹ̀ ní àyẹ̀wò àṣìṣe nínú: àmì ìgbẹ̀yìn tí a ń pè ní adájọ́ gbọ́dọ̀ wà láàrin mẹ́jọ tí iye wọn ṣeé pín sí méjì, bí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ti ṣi ìṣirò. Ẹni tí ó bá ń wá ìṣirò bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́ nínú ọgbọ́n àtijọ́ tí ó wà nílẹ̀ Yorùbá, orí yanrìn ni kí ó ti wá a, kì í ṣe orí ọpọ́n Ifá.

Èkejì, ibi tí Ifá ti ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ wà lóòótọ́, nínú ìbò. Nígbà tí ẹni tí ó wá dá Ifá bá fẹ́ mọ èyí tí ó yẹ nínú ọ̀nà méjì, babaláwo a dá Ifá fún ọ̀kan, a sì dá a fún èkejì. Odù tí ó bá jẹ́ àgbà ni ó ń mú ọ̀nà tirẹ̀. Ìlànà tí ó gba àmì 16 wọlé, tí ó sì mú ìdáhùn kan jáde, ni èyí. Ṣùgbọ́n ipò àgbà láàrin odù ni ó gbé e ró, ìtàn àti àṣà sì ni ó fi odù kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó wá bí yóò ṣe fi àyẹ̀wò díẹ̀ rí ìdáhùn náà. Babaláwo ti mọ odù ní àmọ̀dunjú. Kò ní swíìṣì tí yóò rà.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù. Ní ti onímọ̀ ẹ̀rọ, Ogbè àti Ògúndá tí ó fún un ní ìdáhùn kan náà ti di ohun kan, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ sì di ìnáwó. Ó tún ní àwọn ipò tí ó ń pè ní èyí tí kò kan òun, ìyẹn àwọn tí kò lè wáyé nínú iṣẹ́ rẹ̀, tí ó lè fi ṣe ohunkóhun tí yóò jẹ́ kí ìlànà rẹ̀ kúrú. Ní ti Ifá, kò sí odù tí kò kan ni. Ìkọ̀ọ̀kan nínú 256 lè jáde nígbàkúùgbà, ìkọ̀ọ̀kan sì ní ẹsẹ Ifá tirẹ̀, pẹ̀lú ìtàn, ẹbọ àti ìkìlọ̀ tirẹ̀. Bí a bá so Ogbè mọ́ Ògúndá nítorí pé àmì kan péré ni ó yà wọ́n, a ti pàdánù ẹsẹ Ifá àwọn méjèèjì. Odù dà bí nọ́ńbà ojúlé. Ẹsẹ Ifá ni ará ilé. Kò sí ẹni tí í wó ilé méjì pọ̀ nítorí pé nọ́ńbà wọn súnmọ́ra.

6. Ọ̀rọ̀ Leibniz

Ẹ̀yà kan nínú àríyànjiyàn yìí kọjá ìjọra. Ó ní láti ilẹ̀ Áfíríkà ni Yúróòpù ti gba ìṣirò alámì-méjì. Ron Eglash ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1999 pé yanrìn títẹ̀ dé ilẹ̀ Sípéènì láti ọwọ́ àwọn Lárúbáwá, pé Hugo ti Santalla túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Látìnì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, àti pé inú irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni èrò Leibniz ti ní gbòǹgbò. Ìtumọ̀ sí èdè Látìnì náà wáyé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú àpilẹ̀kọ tí Leibniz fúnra rẹ̀ kọ lórí 1 àti 0 ní ọdún 1703, àwọn àmì àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà ni ó dárúkọ. Bí ọ̀nà kan bá sì wà láti Áfíríkà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, orí yanrìn ni ó gbà, kì í ṣe orí odù Ifá. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré fún ẹni tí ó ń kọ ìtàn.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí àyẹ̀wò yìí fi hàn kò dín iyì Ifá kù. Ọ̀tọ̀ ni ipò tí ó fi í sí. Nínú ìtàn ọgbọ́n alámì-méjì, ipò Ifá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ètò tí ń tọ́jú ìmọ̀: àmì mẹ́jọ tí ń tọ́ka sí ojúlé 256, tí ọ̀rọ̀ púpọ̀ sì ń gbé inú ìkọ̀ọ̀kan, láìsí ìwé, láti orí awo kan dé orí awo mìíràn. Iye yìí gan-an ni báìtì kan nínú kọ̀ǹpútà òde òní lè kọ. Nígbà tí àjọ UNESCO kéde Ifá ní ọdún 2005 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ohun àjogúnbá aláìlẹ́gbẹ́ ọmọ ènìyàn, ìmọ̀ tí a tọ́jú ni wọ́n bu ọlá fún. Ìtàn ìdínkù, láti ọ̀dọ̀ Boole dé ESPRESSO, jẹ́ ìtàn bí a ṣe ń ju ohun tí kò wúlò nù. Ìtàn Ifá jẹ́ ìtàn bí a kò ṣe jẹ́ kí ohunkóhun sọnù.

Èyí kò ní kí odù má wọ kíláàsì ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ní ọdún 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Babs Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí ó fi hàn pé ọmọdé lè fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò wọ́n èdè náà bí ó bá di ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ Ogbè, Ògúndá, Ìrosùn àti Ìrẹtẹ̀ láti ilé ti ní orúkọ fún ojú mẹ́rin nínú àtẹ Karnaugh kí ó tó wọ kíláàsì ní Ìkọ̀lé. Olùkọ́ lè fi wọ́n kọ́ ọ ní ìdínkù, níwọ̀n ìgbà tí ó bá sọ òtítọ́ méjèèjì fún un: pé àwọn baba rẹ̀ ni wọ́n to àmì náà, àti pé àwọn ẹlòmíràn, nítorí iṣẹ́ mìíràn, ni wọ́n wá bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́.